Wọ́n ṣí agbárí obìnrin kan, ó sì ń ta gòjé: kí ló dé tí a kò lè wò ó tán?

Onígbàjámọ̀ Òkè-Fìà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní ọ̀sán Sátidé tí ó kọjá, mo sì fẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí kò tíì kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà náà. Oníbàárà mi kan mú fóònù rẹ̀ jáde, ó ní kí a wá wo iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún obìnrin kan ní King's College Hospital ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2020. Kókó ni ó hù sínú ọpọlọ obìnrin náà, níwájú orí ní apá ọ̀tún, nítòsí ibi tí ó ń darí ọwọ́ òsì. Nítorí pé gòjé òyìnbó ni obìnrin náà ń ta, tí ó sì jẹ́ pé ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń tẹ okùn rẹ̀, àwọn dókítà jí i lójú oorun láàárín iṣẹ́, wọ́n gbé gòjé lé e lọ́wọ́, ó sì ń ta á bí wọ́n ti ń yọ kókó náà.

Ènìyàn mẹ́fà ni wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀bù, tí a bá ka ẹni tí ó ni fóònù mọ́ wọn. Ọ̀kan pariwo ẹ̀jẹ̀ Jésù, ó sì jáde síta. Ọ̀kan fi ọwọ́ bo ojú, ṣùgbọ́n ó ń yọjú láàárín ìka. Bàbá àgbàlagbà kan tí mo ti fá ìdajì orí rẹ̀ ní kí n dúró ná. Ó fi ọwọ́ pa orí ara rẹ̀, ó ní òun kò fẹ́ kí irin kan òun mọ́ ní ọjọ́ náà. Ìdajì orí fífá ni ó gbé lọ sílé. Àwọn méjì tí ó kù ń jiyàn bóyá ẹni tí ó bá ti rí ọpọlọ ènìyàn ní gbangba ṣì lè fi gbogbo ẹnu sọ pé Ọlọ́run ni ó ń darí ẹ̀dá. Ọdún 19 ni mo ti ń fọwọ́ kan orí ọlọ́rí, òun ni mo fi ń jẹun, síbẹ̀ èmi náà kò lè wò ó tán. Ṣé ìgbàgbọ́ wa ni kò jẹ́ kí a lè wò ó ni, àbí ẹ̀rù lásán?

Ìyá Nọ́ọ̀sì Àlékúwodò

Ẹ kú iṣẹ́, àbúrò. Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n mo ṣiṣẹ́ ní tíátà fún ọdún púpọ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ohun tí ó ń dẹ́rù bani jù kúrò. Ọpọlọ fúnra rẹ̀ kì í mọ ìrora. Gbogbo ìrora tí ń bá wa, ibẹ̀ ni a ti ń mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n bí abẹ bá kan òun alára, kò ní ohun tí yóò fi mọ̀ ọ́n. Awọ orí ni ó ń mọ ìrora, àti awọ líle tí ó bo ọpọlọ lábẹ́ agbárí, abẹ́rẹ́ tí ń pa ojú ibẹ̀ kú ni a sì fi ń kápá ìyẹn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi lè jí aláìsàn, kí wọ́n ní kí ó ka orúkọ oṣù, kí ó dárúkọ ohun tí ó wà nínú àwòrán, kí ó gbé ìka sókè. Bí dókítà bá fi iná mànàmáná díẹ̀ kan ibì kan, tí ọ̀rọ̀ sì dá dúró lẹ́nu aláìsàn, dókítà ti mọ̀ pé abẹ kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Gòjé tí ẹ rí yẹn kì í ṣe eré ìtàgé. Òun ni atọ́nà wọn.

Ní ti pé ẹ kò lè wò ó, ẹ má pe ara yín ní òpè. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dúró ti ibi tí wọ́n ti ń ṣí orí, ẹ̀jẹ̀ kò bà mí lẹ́rù, nítorí mo ti gbẹ̀bí fún ọ̀pọ̀ obìnrin ṣáájú ìgbà náà. Òórùn egungun tí ẹ̀rọ ń lu ni ó mú orúnkún mi gbọ̀n, òórùn tí ó jọ ti ìgbà tí wọ́n bá ń sun ẹsẹ̀ màlúù lórí iná. Lẹ́yìn náà ni mo rí ọpọlọ tí ń lù wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ọkàn ti ń lù. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi aṣọ bo gbogbo ara aláìsàn, ó ku ojú kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ẹ̀rù náà sì kúrò, nítorí iṣẹ́ ni mo ń rí, n kò rí ènìyàn mọ́. Èrò tèmi ni pé ohun tí ó lé àwọn oníbàárà yín síta ni pé obìnrin yẹn lajú sílẹ̀. Ká ní ó sùn ni, wọn ì bá wò ó tán.

Alàgbà Ayétòrò

Àlàáfíà fún gbogbo ilé. Inú ìjọ Àpọ́sítélì Kírísítì ni wọ́n bí mi sí, n kò sì ní fi bò. Gbogbo ará agbègbè wa ni ó mọ ìtàn ìsọjí Òkè Ooye ní Iléṣà ní ọdún 1930, nígbà ayé Bàbá Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tí àwọn aláìsàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá gba omi tí a gbàdúrà sí. Nígbà tí àwọn míṣọ́nárì òyìnbó tí wọ́n wá bá wọn ṣiṣẹ́ ń lo kuníìnì nítorí ibà, ọ̀rọ̀ náà dá awuyewuye sílẹ̀ débi pé ó wà lára ohun tí ó pín wọn níyà. Ẹdẹ níbí, tí kò jìnnà sí wa, ni Bàbá ti sùn nínú Olúwa ní ọdún 1959. Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò mọ̀ pé oògùn wà. Wọ́n mọ̀, wọ́n sì kọ̀ ọ́. Wọ́n ti ka ìwé Kíróníkà Kejì, orí 16, níbi tí a ti sọ nípa Ásà ọba pé nínú àìsàn rẹ̀, kò wá Olúwa bí kò ṣe àwọn oníṣègùn.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni má gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn o. Ohun tí ń kọ mí lóminú ni wíwò yẹn gan-an. Ibi tí Ẹlẹ́dàá fi egungun bò ni a sọ di ohun tí ẹni tí ń fá irun àti ẹni tí ń mu míńírà ń wò kọjá. Kí ni a ń wá níbẹ̀?

Àfáà Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun

Àsàlámù àlékùm. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, Alàgbà, ẹ tún ẹsẹ̀ yẹn kà: ẹ̀bi tí wọ́n dá Ásà ni pé kò wá Olúwa rárá, kì í ṣe pé ó rí oníṣègùn. Nínú ìwé yín kan náà, nígbà tí oówo fẹ́ pa Hesekáyà, ó gbàdúrà, Ọlọ́run sì gbọ́, síbẹ̀ wòlíì Àìsáyà ní kí wọ́n mú ìṣù ọ̀pọ̀tọ́ lé ojú oówo náà. Ní tiwa, Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, ní kí a wá ìtọ́jú, nítorí Ọlọ́run kò dá àìsàn kan láìdá oògùn rẹ̀, àfi ogbó. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, Al-Zahrawi, ará ilẹ̀ Andalusia, kọ ìwé ńlá lórí iṣẹ́ abẹ, ó ya àwòrán àwọn irinṣẹ́ sínú rẹ̀, ó sì kọ nípa agbárí tí ó fọ́. Mùsùlùmí ni.

Níbi tí ohùn èmi àti Alàgbà ti ṣọ̀kan ni ti wíwò. Ìhòhò ènìyàn kò mọ sí abẹ́ aṣọ. Bí aláìsàn bá fọwọ́ sí i pé kí ayé wo òun, kò burú; ṣùgbọ́n àwọn àwòrán mìíràn tí à ń fi ránṣẹ́ láti orí fóònù dé orí fóònù, ta ni ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni orí?

Tíṣà Òkè-Báálẹ̀

Ẹ̀yin àgbà, ìbéèrè onígbàjámọ̀ ni ẹ ń yí po. Ó fẹ́ mọ ohun tí ẹni tí ó ti rí ọpọlọ lè máa rò nípa ẹ̀mí. Bàọ́lójì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ, ìtàn kan sì wà tí mo máa ń sọ fún wọn. Ní ọdún 1848, ní ìpínlẹ̀ Vermont ní Amẹ́ríkà, ẹ̀tù bú gbàmù lójú ọ̀nà ojú irin, ọ̀pá irin kan tí ó gùn ju mítà kan lọ sì gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Phineas Gage wọlé, ó gba àtàrí jáde. Kò kú. Ó sọ̀rọ̀, ó sì rìn. Ṣùgbọ́n dókítà tí ó tọ́jú rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí oníwà pẹ̀lẹ́ di ẹlẹ́nu ẹ̀gbin àti aláìnísùúrù, débi pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kì í ṣe Gage mọ́.

Àwa ni a ń sọ pé ìwà lẹ̀sìn. Bí ọ̀pá irin bá lè yí ìwà padà kí a tó ṣẹ́jú, níbo gan-an ni ẹ̀sìn ń gbé? Wilder Penfield, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Montreal ní Kánádà, ṣí orí àwọn aláìsàn wàrápá tí ojú wọn là, ó fi iná mànàmáná kan ọpọlọ wọn, ẹlòmíràn gbọ́ orin, ẹlòmíràn rí ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí i rí bí ẹni pé ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́. N kò bú ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. Mo ń béèrè ni.

Ọmọ Awo Òkè-Ọ̀ṣun

Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, àwọn baba wa kò sọ rí pé orí tí onígbàjámọ̀ ń fá ni orí tí à ń bọ. Nínú odù Ifá tí ń jẹ́ Ògúndá Méjì, Oríṣéékú, Oríléémèrè àti Afùwàpẹ́ lọ yan orí ní ilé Àjàlá, amọ̀ sì ni Àjàlá fi ń mọ orí. Òjò pa àwọn tí orí wọn kò jiná lójú ọ̀nà, orí náà sì ṣá. Àwọn tí ó fi ìtàn yẹn lé wa lọ́wọ́ ti mọ̀ tipẹ́tipẹ́ pé orí lè bàjẹ́. Gage kò lè dá wa níjì. Ẹ kò sì sọ ìyókù ìtàn rẹ̀: lẹ́yìn náà, ó lọ sí orílẹ̀-èdè Chile, ó wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin akérò níbẹ̀ fún ọdún mélòó kan, iṣẹ́ tí aláìnísùúrù kò lè ṣe pẹ́. Ẹsẹ̀, ìyẹn ìsapá ènìyàn, ń ran orí lọ́wọ́.

Ẹ tún gbọ́ bí a ti ń sọ̀rọ̀. A ní ọpọlọ ẹnì kan pé, ṣùgbọ́n inú ni a fi ń bínú, ọkàn ni ó ń bàjẹ́, ojú ni ó ń ti ènìyàn. Kò sí ẹni tí ó kó gbogbo ènìyàn sínú agbárí lédè wa, nítorí náà, bí wọ́n bá la agbárí tí wọn kò bá ẹ̀mí níbẹ̀, kò já wa kulẹ̀. Ní Aró, ní Abẹ́òkúta, ní ọdún 1954, Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ bá òun tọ́jú àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú, àwọn aláìsàn sì ń gbé láàárín ará abúlé. Kò ju ìwé ìṣègùn rẹ̀ nù nítorí ìyẹn.

Alàgbà Ayétòrò

Tíṣà dá ìtàn Penfield dúró ní ààbọ̀. Nígbà tí ọ̀gbẹ́ni náà fi iná mànàmáná mú kí ọwọ́ aláìsàn gbé sókè, ohun tí aláìsàn sọ fún un ni pé òun kọ́ ni òun gbé e, dókítà ni. Ta ni ẹni tí ń sọ pé òun kọ́ yẹn? Ní ọdún 1975, ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, Penfield kọ ọ́ sílẹ̀ pé iṣẹ́ ọpọlọ nìkan kò tó láti fi ṣàlàyé èrò inú ènìyàn. Ẹ sì rántí Ben Carson, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ará Amẹ́ríkà, ẹni tí kì í tijú láti sọ pé òun ń gbàdúrà kí òun tó mú abẹ. Ní ọdún 1987, òun àti ikọ̀ ènìyàn 70 fi wákàtí 22 ya àwọn ìbejì ará Jámánì tí orí wọn lẹ̀ pọ̀.

Tíṣà Òkè-Báálẹ̀

Òótọ́ ni, Alàgbà, mo gba ti Penfield, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí ọ̀mọ̀wé kan gbàgbọ́ kì í ṣe ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n Carson kan náà wà nínú ikọ̀ tí ó gbìyànjú láti ya ìbejì ará Ìránì méjì, àwọn obìnrin ẹni ọdún 29, ní Singapore ní ọdún 2003. Àwọn méjèèjì kú. Ṣé àdúrà ti ọdún 1987 ni ó lágbára jù ni?

Ìyá Ẹnìọlá

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè. Láti àná ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín, n kò sì fẹ́ sọ̀rọ̀, nítorí kì í ṣe ìwé ni mo ti mọ èyí tí mo fẹ́ sọ. Nígbà tí ọmọ mi kejì pé oṣù mẹ́ta, àwùjẹ̀ rẹ̀ ga sókè bí ẹni pé nǹkan ń tì í láti inú, orí rẹ̀ ń tóbi débi pé fìlà tí a fi kó o jáde kò wọ̀ ọ́ mọ́, ojú rẹ̀ méjèèjì sì ń wọ̀ sísàlẹ̀ bí oòrùn ìrọ̀lẹ́. Ìyá ọkọ mi ní ayé ti rí ọmọ náà. Wọ́n mú wa lọ sí orí òkè àdúrà kan, a sì lo ọ̀sẹ̀ méje níbẹ̀. N kò ní dárúkọ òkè náà, kì í sì í ṣe pé mo ń bẹ̀rù. Wòlíì tí ó gbà wá kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa, ó ń fún mi ní oúnjẹ tirẹ̀, ó sì máa ń sunkún bí ó ti ń gbàdúrà lórí ọmọ náà. Ẹni rere ni. Orí ọmọ ń tóbi sí i.

Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, mo gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, nọ́ọ̀sì kan sì mú téèpù bíi ti télọ̀, ó wọn orí rẹ̀, ó wo ìwé, ó tún un wọ̀n, kò sọ ohunkóhun, ó kàn mú kálàmù, ó kọ ìwé fún wa pé kí a lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Níbẹ̀ pẹ̀lú, a dúró fún ọjọ́ mẹ́sàn-án kí bẹ́ẹ̀dì tó ṣí sílẹ̀. Dókítà fi àwòrán inú orí ọmọ hàn wá lójú kọ̀ǹpútà. Àárín rẹ̀ dúdú, omi ni, ọpọlọ sì ti fún mọ́ ẹ̀gbẹ́ agbárí bí ìgbà tí ènìyàn bá ń jókòó nínú mọ́tò tí ó kún jù. Èmi tí n kò lè wo adìyẹ tí wọ́n ń pa, mo wo àwòrán yẹn títí, mo ní kí dókítà má tíì pa á, nítorí ìgbà àkọ́kọ́ nìyí láti oṣù púpọ̀ tí mo máa rí ohun tí ń bá ọmọ mi jà.

Wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, láti inú orí, gba abẹ́ awọ ọrùn, dé ikùn, kí omi náà lè máa ṣàn lọ. Ó ti pé ọdún mẹ́fà báyìí. Ó ń lọ sí ilé ìwé, ó ń jà, ó ń purọ́ kékeré. Ojú rẹ̀ òsì kò ríran dáadáa, ó sì pẹ́ kí ó tó rìn. Bí mo bá ń di irun rẹ̀, ìka mi a máa kan rọ́bà náà lẹ́yìn etí. Mo gbàdúrà lẹ́nu ọ̀nà tíátà, n kò sì mọ bí mo ṣe lè yà á sọ́tọ̀ fún yín, apá tí Ọlọ́run ṣe àti apá tí dókítà ṣe. Àdúrà kò dùn mí. Ọ̀sẹ̀ méje ni ó ń dùn mí.

Alàgbà Ayétòrò

Ọmọ mi, mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì. Èmi náà ti gbé ọwọ́ lé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí, ó ti lé ní ogún ọdún, mo sì rò pé orí ńlá ni. N kò béèrè ibi tí wọ́n gbé e gbà lẹ́yìn náà. N kò ní fèsì sí Tíṣà lórí ti Carson mọ́.

Ìyá Nọ́ọ̀sì Àlékúwodò

Màmá Ẹnìọlá, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un fún yín àti fún ẹnikẹ́ni tí ọmọ rẹ̀ bá ní irú rọ́bà bẹ́ẹ̀: ó lè dí, bí ó tilẹ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀. Bí ọmọ bá ń bì, tí orí ń fọ́ ọ, tí ó sì ń sùn ju bí ó ti yẹ lọ, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ, ẹ má dúró di ọ̀la.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé Lọ́ńdọ̀nù nìkan ni wọ́n ti ń ṣí orí, Dókítà Látúndé Odeku, ọmọ Awẹ́, ni ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ní ọdún 1962. Ó kọ ewì pẹ̀lú. Òun àti Dókítà Adélọlá Adélóyè, ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì, ni wọ́n ṣàpèjúwe kókó kan tí ń hù lórí àwùjẹ̀ ọmọ tuntun, tí àwọn oníṣègùn àgbáyé fi orúkọ àwọn méjèèjì pè títí di òní. Àwùjẹ̀ tí àwọn ìyá wa ń fi òrí pa, àwọn ọmọ wa ni wọ́n kọ ìwé nípa rẹ̀ fún ayé.

Onígbàjámọ̀ Òkè-Fìà

Bàbá tí ó gbé ìdajì orí lọ sílé padà wá ní àná. Kí n tó mú abẹ, ó ní kí n wá fídíò náà jáde, a sì wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, èmi àti òun nìkan. Ó béèrè bóyá obìnrin náà ṣì ń ta gòjé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ó dára, kí n máa fá a lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Màmá Ẹnìọlá ni kò jẹ́ kí n sùn. Wọ́n máa ń pè mí láti fá irun orí ọmọ ní ọjọ́ kẹje, àwọn ìyá mìíràn sì máa ń gbé ọmọ oṣù mẹ́rin, oṣù márùn-ún wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ọwọ́ mi yìí ti kan orí tí àwùjẹ̀ rẹ̀ ga, tí iṣan rẹ̀ yọ lábẹ́ awọ, mo sì rọra fá yí i ká, n kò sọ nǹkan kan fún ìyá rẹ̀, nítorí n kò fẹ́ kí wọ́n ní mo fi ẹnu ba ọmọ jẹ́. Mo ra téèpù télọ̀ kan ní Ọjà Ọba ní òwúrọ̀ yìí. Ìyá Nọ́ọ̀sì, ibo ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀ gan-an?

Ìyá Nọ́ọ̀sì Àlékúwodò

Òkè irun tí ó wà lókè ojú, níwájú orí, ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀, kí ó gba òkè etí méjèèjì, kí ó yí ìpàkọ́ ká níbi tí ó yọ síta jù lọ. Ẹ wọ̀n ọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ mú iye tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ pé nínú oyún máa ń wà ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 35 nígbà tí wọ́n bá bí i. Ẹ kọ ọ́ sí inú káàdì àjẹsára rẹ̀, kí ẹ sì kọ déètì sí i.